Hẹ́dífóònù, Sípíkà àti Ìkíni Ìyá Fúnmi

Òórùn kòkó tí wọ́n sá sí etí títì ni mo fi máa ń mọ̀ pé mo ti ń sún mọ́ Ọ̀ka, nígbà tí mo ṣì ń wa bọ́ọ̀sì. Bí o bá ti kúrò ní Ìkàrẹ́, tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n òkè, afẹ́fẹ́ á tutù díẹ̀ sí i, òórùn kíkan bíi ti ọtí àná á gba ojú fèrèsé wọlé, àwọn èrò ẹ̀yìn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹrù wọn. Òórùn yẹn náà ló máa ń wà lára aṣọ ìyàwó mi bó bá ti ìlú rẹ̀ dé. Ọmọ Ọ̀ka ni òun, ọmọ Ìkàrẹ́ ni mí, inú bọ́ọ̀sì la sì ti pàdé. N kò ka iye ọdún tí mo fi wa ọkọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, ṣùgbọ́n títí di òní, mo lè pe orúkọ àwọn tó máa ń dúró dè mí lọ́kọ̀ọ̀kan: Rẹ̀mí alágbọn, Tísà Ọlá tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara kan aṣọ òun, Sáfù tó máa ń gbé adìyẹ mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, n kò sì kà á dáadáa, ṣùgbọ́n orúkọ èèyàn kì í bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá sì kí mi, mo gbọ́dọ̀ dáhùn. Bí obì bá kún mi lẹ́nu, fèrè ọkọ̀ á bá mi dáhùn.

Nítorí náà, bí o bá gbọ́ pé àwọn ará àdúgbò ń sọ pé Bàbá Fúnmi ti di ẹni tí wọ́n ń kí tí kò dáhùn mọ́, o ti mọ̀ pé ẹja ń bákàn. Hẹ́dífóònù ló fà á. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ.

Ìyá Fúnmi, ìyàwó mi, lọ nígbà tí òjò ọdún náà ń kásẹ̀ nílẹ̀. N kò ní fi ìyẹn dá ọ dúró. Ìwọ náà ti sin tìrẹ, o mọ bó ṣe ń rí. Lẹ́yìn tí wọ́n kó àga àti kánópì lọ, tí àwọn ẹbí tú ká, ilé dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ aago lára ògiri. Àga méjì ló wà níwájú tẹlifíṣọ̀n wa. Mo ń jókòó sórí ọ̀kan, ìborùn rẹ̀ wà lórí èkejì, kò sì sí ẹni tó láyà láti gbé e kúrò.

Délé ọmọ mi ọkùnrin, tó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé nítòsí ọjà Ìkàrẹ́, ló rí kásẹ́ẹ̀tì kan nísàlẹ̀ àpótí ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fi gèlè ògbólógbòó wé e bí ẹni wé ẹyin. Délé gbé e lọ, ó kó ohùn inú rẹ̀ sínú fóònù kan, ó sì gbé fóònù náà fún mi. Orin ìkórè ni, tí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn ní Ọ̀ka kọ nígbà tí Fúnmi, àkọ́bí wa, ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gba orin yẹn sílẹ̀, èmi gan-an ni mo ni téèpù. Téèpù ńlá ni, ó ní ibi méjì tó fi ń gbọ́ ohùn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, mo sì ń fi í yangàn kiri. Ṣùgbọ́n bí a ti débẹ̀, bátìrì rẹ̀ ti kú. Mo rán Ìyá Fúnmi pé kó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí títì, kó lọ ra mẹ́rin wá. Ó lọ, tòun ti ọmọ lẹ́yìn. O mọ òkè Ọ̀ka. Sísọ̀ kalẹ̀ rẹ̀ kò le, gígùn rẹ̀ ni iṣẹ́. Kó tó dé, Bàbá Àlàbí, olórí akọrin, ọkùnrin tí sùúrù rẹ̀ kò tó ti ewúrẹ́, ti yọ bátìrì inú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó ní kí a bẹ̀rẹ̀. Òfin rẹ̀ ni pé bí iná pupa bá ti tàn lára téèpù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ la ẹnu fún ohun mìíràn ju orin lọ. Iná tàn. Ó gbé ọwọ́ sókè. Ìgbà náà gan-an ni ilẹ̀kùn apá òsì ṣí, tí ìyàwó mi wọlé, tó ń mí hẹlẹ hẹlẹ, tó ní, "Ẹ kú ìjókòó o."

Kò sí ẹni tó dáhùn. Gbogbo wọn fi ìka lé ètè. Èmi náà, ọkọ rẹ̀, tí mo rán an níṣẹ́, mo fi ìka lé ètè. Ó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú bátìrì mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò wá yíká, lẹ́yìn náà ó bọ́ sí àyè rẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó sì bá wọn kọrin.

A padà sí Ìkàrẹ́. Ẹnu ọ̀nà ló ti yíjú sí mi.

"Gbogbo ilé kún, Bàbá Fúnmi. Mo kí yín, ẹ kàn ń wò mí bí àwòrán."

"Téèpù ló fà á, jàre."

"Ó dáa. Téèpù ló máa se oúnjẹ fún yín."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jẹ búrẹ́dì. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì di àwàdà láàrin wa. Títí tó fi dàgbà, bí ó bá pè mí tí n kò tètè dáhùn, á kàn fi ìka lé ètè, á máa wò mí. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé ó dùn ún lọ́jọ́ náà. Ẹni tó gun òkè nítorí rẹ, tó kí ọ, tí o kò dá lóhùn, gbèsè rẹ̀ kì í tán lọ́rùn ẹni.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ohun tí n ó fi gbọ́ orin náà dìjà láàrin àwọn ọmọ mi. Délé gbé sípíkà méjì wá láti ṣọ́ọ̀bù, dúdú, tó tóbi tó bíríkì, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Fúnmi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Àkúrẹ́, ra hẹ́dífóònù fún mi, ó sì gbé e wá fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Ó tóbi, ó ní tìmùtìmù méjì tó ń bo etí, òórùn bàtà tuntun sì ń jáde lára rẹ̀.

"Sípíkà yẹn á máa pariwo jù," Fúnmi sọ. "Bàbá nílò ìsinmi. Èyí á dákẹ́ sí wọn létí, wọ́n á gbọ́ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ kedere."

"Ẹ̀gbọ́n mi, orin kì í ṣe oògùn tí wọ́n ń fi ṣíbí wọ̀n fún ẹnì kan," Délé dáhùn. "Orin ìkórè tí gbogbo ìjọ kọ, ẹ fẹ́ kí wọ́n máa dá a jẹ?"

"Ìwọ, dákẹ́. Ṣé ìwọ lo máa tọ́jú wọn bí orí bá ń fọ́ wọn?"

"Bí ewúrẹ́ bá wọ pálọ̀, ta ló máa gbọ́ ọ?"

Mo ní kí wọ́n fi méjèèjì sílẹ̀. Àgbà kì í kọ ẹ̀bùn.

Sípíkà Délé ni mo kọ́kọ́ lò. Ó dára, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Bí àwọn ọkùnrin bá ti sọ ohùn wọn kalẹ̀, àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù á máa gbọ̀n, ilé á sì kún bí ẹni pé èèyàn wà níbẹ̀. Mo lè máa gbálẹ̀, mo lè máa ṣa ẹ̀wà, orin á máa tẹ̀ lé mi láti yàrá dé ilé ìdáná. Àléébù rẹ̀ ni pé gbogbo ohun tó bá kọjá lójú títì ló máa ń bá a kọrin. Ọlọ́kadà á bá a kọ, mààlúù á bá a kọ. Òjò àìrotẹ́lẹ̀ kan sì rọ̀ sórí páànù, ó kọ tirẹ̀ bo gbogbo ẹgbẹ́ mọ́lẹ̀. Mo wá ìkíni Ìyá Fúnmi ní ìbẹ̀rẹ̀ orin yẹn títí, n kò gbọ́ ọ. Ariwo téèpù kàn ń dún fẹ̀ẹ̀, lẹ́yìn náà ni orin bẹ̀rẹ̀. Mo ní bóyá kásẹ́ẹ̀tì ti jẹ ẹ́.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo gbé hẹ́dífóònù Fúnmi borí, kí n má purọ́, nítorí òtútù ni. Ọyẹ́ Àkókó kì í ṣeré, tìmùtìmù náà sì móoru ju fìlà mi lọ. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ohun tí sípíkà ń fi hàn mí láti òkèèrè ni hẹ́dífóònù mú wá sí itan mi. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Bàbá Àlàbí tó ń gbá ilẹ̀. Mo gbọ́ ẹni tó ṣí ìwé. Mo gbọ́ ikọ́ Ṣọlá, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí rere, ó máa ń húkọ́ níbi tí orin bá ti dùn jù. Ṣùgbọ́n ìkíni, n kò tíì gbọ́ ọ.

Ó di ọjọ́ kan tí mo gbé e borí lódìkejì, tí apá òsì wá sí ọ̀tún. Àṣìṣe ni. O sì mọ̀ pé etí òsì mi ti lọ. Ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì ni mo fi í fún láti ìgbà ọ̀dọ́, atẹ́gùn àti ariwo ẹ́ńjìnnì ti jẹ ẹ́ tán. Mo tẹ fóònù. Téèpù dún fẹ̀ẹ̀. Ilẹ̀kùn dún. Lẹ́yìn náà, nínú etí ọ̀tún mi tó dára, bí ẹni pé ó dúró lẹ́yìn àga mi, ìyàwó mi mí hẹlẹ hẹlẹ, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o."

Kí lo rò pé mo ṣe? Mo dáhùn. N kò rò ó wò. Mo ní, "Káàbọ̀ o, Ìyá Fúnmi! Kú òkè gígùn. Jókòó, jàre." Omijé ń bọ́, ẹ̀rín sì ń pa mí. Mo dá orin náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tún kí mi, mo tún dáhùn. Láti ọjọ́ náà, kò sí àárọ̀ tí n kì í jókòó sí iwájú ilé lẹ́yìn tí mo bá jẹ ẹ̀kọ, tí n kì í san lára gbèsè mi.

Ohun tí n kò mọ̀ ni bí mo ṣe rí lójú ẹni tó wà lóde.

Ìyá Bísí, ọ̀rẹ́ Ìyá Fúnmi láti kékeré, tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin náà, ń gbé ní ilé tó dojú kọ tiwa. Òtútù lé mi wọlé lọ́jọ́ kan, ó sì gbé àkàrà wá. Ó kan ilẹ̀kùn, ó ní, "Àgò o!" N kò dáhùn. Ó kí mi lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó yọjú lójú fèrèsé, ẹ̀yìn mi ló rí lórí àga, ó sì gbọ́ tí mo ń pariwo pé, "Káàbọ̀ o, Ìyá Fúnmi! Jókòó, jàre!" Ó fi àkàrà lélẹ̀, ó sì sá. Èmi bá àkàrà lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣì gbóná. Mo ní Ọlọ́run tóbi, mo jẹ ẹ́.

Láàrin ọ̀sẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ ti yí àdúgbò ká. Wọ́n ní mo ti ń bá òkú sọ̀rọ̀. Wọ́n ní wọ́n ń kí mi, mo ń wò wọ́n bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí, lẹ́yìn náà n ó wá bú sí orin, apá ọkùnrin nìkan, láìsí ìlù, láìsí dùùrù. Hẹ́dífóònù ńkọ́? Wọ́n rí i, ṣùgbọ́n nínú ọyẹ́, fìlà ọyẹ́ ni wọ́n pè é.

Fúnmi dé ní ọjọ́ Tọ́sìdeé pẹ̀lú báàgì ńlá kan tó ṣófo. Délé tẹ̀ lé e, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Ìyá Bísí wà lẹ́yìn wọn, ó di ọwọ́ mọ́ àyà.

"Bàbá, ẹ múra. Àkúrẹ́ là ń lọ, ẹ̀ ń wá gbé lọ́dọ̀ mi."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ kò ṣe nǹkan kan. Ó ti rẹ̀ yín ni. Ẹ ò lè dá nìkan gbé mọ́."

Ó ti wọ yàrá, ó ti ń ká ṣòkòtò mi. Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rù bà mí. Mo mọ Àkúrẹ́, mo ti wa ọkọ̀ débẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò mọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ní àdúgbò rẹ̀. Níhìn-ín, mo mọ orúkọ ẹni tó gbin máńgòrò iwájú ilé, mo mọ orúkọ ajá tó ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Ta ni n ó sì fi àga kejì yẹn sílẹ̀ fún?

"Bàbá Fúnmi," Ìyá Bísí sọ, "ẹ má bínú o. Etí mi yìí ló gbọ́ yín. Ẹ̀ ń kí òkú káàbọ̀. A kì í jẹ́ ìpè òkú."

"Òun ló kí mi."

Ó ṣubú sórí àga mi. "Ẹ gbọ́! Ẹ̀yin náà ti gbọ́!"

N kò bá a jiyàn. Mo gbé hẹ́dífóònù, mo fi bò ó létí lórí gèlè rẹ̀, mo sì tẹ fóònù. Ó ṣe bí ẹni tí wọ́n fi ejò kọ́ lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà. Ó la ẹnu, ó sì fi gbogbo ohùn rẹ̀ ké, bí àwọn tó wọ hẹ́dífóònù ṣe máa ń ké láìmọ̀:

"ẸẸ KÁÀBỌ̀ O, ÌYÁ FÚNMI! ẸẸ KÚ ÒKÈ GÍGÙN O!"

Adìyẹ tú ká lójúde. Fúnmi sáré jáde láti yàrá pẹ̀lú ṣòkòtò mi lọ́wọ́.

"Ìyá Bísí, ta lẹ̀ ń dá lóhùn?"

"KÍ LO WÍ?"

Délé yọ ọ́ kúrò létí rẹ̀. Obìnrin náà jókòó, ó ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi etí ìró nu ojú. "Mo wà níbẹ̀," ó ní. "Èmi gan-an fi ìka lé ètè. Láti ọjọ́ náà, n kò tíì dáhùn ìkíni yẹn. Ìpè ni a kì í jẹ́, Fúnmi. Ìkíni ni èyí. Ta ló ń fi ìkíni sílẹ̀?"

Fúnmi wo òun, ó wo èmi. "Ṣé kí n kó ẹ̀yin náà lọ sí Àkúrẹ́ ni?"

"Wọ̀ ọ́ ná," mo ní. "Gbé e lódì. Bẹ́ẹ̀ ló ti mọ́ mi lára."

Ó wọ̀ ọ́. Ó dúró ṣinṣin bí nọ́ọ̀sì tó ń gbọ́ àyà aláìsàn. Ó ní kí n dá a padà. Mo dá a padà. Ó ní kí n tún dá a padà.

"Bàbá, ọmọ kan wà níbẹ̀."

"Ọmọ kẹ̀?"

"Lẹ́yìn tí Màmá kí yín. Ọmọ ọwọ́ kan dún, 'ẹ́n-ẹ́n.' Wọ́n sì rọra lù ú nídìí."

Èmi ti gbọ́ ohùn yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, mo pè é ní ilẹ̀kùn. Mo wo ọmọ mi, arúgbó ni èmi, òun náà ti ní ewú ní ẹ̀bá etí. "Ìwọ ni," mo wí fún un. "Ẹ̀yìn rẹ̀ lo wà. Nínú gbogbo ilé yẹn, ìwọ nìkan lo dá ìyá rẹ lóhùn."

Fúnmi jókòó. Orí àga kejì ló jókòó sí, lórí ìborùn náà, kò sì sí ẹni tó sọ pé kó dìde. Ó gbọ́ orin náà dé òpin. Nígbà tó yọ hẹ́dífóònù, ó dá ṣòkòtò mi padà sórí ìkọ́, ó sì ní kí Délé lọ ra ẹran wá, òun fẹ́ se ọbẹ̀.

Ọbẹ̀ yẹn ni a ń jẹ tí Délé fi tún gbé ọ̀rọ̀ sípíkà rẹ̀ dé. Ó ní òun lè fi kọ̀ǹpútà gbé ìkíni náà sókè, kí ó lè jáde kedere. Fúnmi kò bá a jà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n to sípíkà náà sójú fèrèsé, wọ́n kọ ẹnu rẹ̀ sí títì. Ẹni àkọ́kọ́ tó kọjá ni ọlọ́kadà kan, Ṣẹ́gun, ọmọ Tísà Ọlá, tó gbé àpò gààrí sẹ́yìn. "Ẹ kú ìjókòó o" jáde láti ojú fèrèsé mi. Kò bojú wẹ̀yìn, kò dín eré kù. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o, Màmá!" ó sì kọjá lọ.

Títí di òní, méjèèjì wà níbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sì bi mí èwo ló dára jù, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Hẹ́dífóònù ni mo ń gbé borí, lódì, nígbà tí mo bá fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń mí. Òun náà ló jẹ́ kí n rí i. Ṣùgbọ́n gbèsè tí mo jẹ ẹ́ kò ṣeé dá san. Gbogbo ilé ló jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, bí oòrùn bá ti yí sẹ́yìn máńgòrò, n ó kọ sípíkà síta, n ó sì jókòó. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ á dáhùn, àwọn ọmọ ilé ìwé á dáhùn, Ìyá Bísí á ti iwájú ilé rẹ̀ dáhùn, á tún fi ìka lé ètè kí n lè rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo máa ń dáhùn kẹ́yìn.